Ọ̀nà Ìsọ̀ Mi Gba Ilé Ọkọ Tí Mo Kúrò Lọ́dọ̀ Rẹ̀

Kajú ni mo ń tà, èyí tí àwọn kan ń pè ní kaṣú. Mo ń yan án, mo ń bó o, mo sì ń rọ ọ́ sínú ìgò ọtí tí àwọn ọ̀mùtí ìlú ti mu tán. Bí wọn ò bá mutí ní Ṣábẹ̀ẹ́, èmi ò ní rí ìgò, nítorí náà mi ò kì í bá wọn wí. Etí títì ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakú ni mo ń jókòó sí, níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń dúró kí àwọn èrò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Ẹni tó bá tọ̀ tán, ebi ló kàn. Ebi yẹn ni iṣẹ́ mi.

Mi ò kàwé jìnnà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìṣirò pínpín ni bàbá mi ti ní ó tó, pé ohun tí a máa pín nílé wa kò pọ̀ tó èyí tí a ó torí ẹ̀ máa san owó iléèwé. Ṣùgbọ́n mo lè kà, mo lè kọ, ẹnu mi sì mú.

Ọmọbìnrin mi, tó ń ṣe olùkọ́ ní Parakú, ló ṣí ìsọ̀ kejì fún mi, èyí tó wà lórí pọ́tábù, fóònù alágbèéká mi. Àwọn kan ní Kútọnu ló dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó ń ta nǹkan ní ìlú kékeré á gbé àwòrán ọjà rẹ̀ síbẹ̀, àwọn ará Kútọnu á sì rà á láìgun bọ́ọ̀sì. Bí ọjà rẹ bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á fún ọ ní ìràwọ̀, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ìràwọ̀ mi ń pọ̀ sí i. Ó pọ̀ ju ti ojú ọ̀run Ṣábẹ̀ẹ́ lọ nígbà ọyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku kì í jẹ́ kí a rí ìyẹn kà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé kajú mi ló jẹ́ kí bàbá òun tó ń ṣàìsàn tún ya ẹnu jẹun. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá mi títí ó fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun sinmi.

Bí ìsọ̀ etí títì bá jóná lónìí, mo lè tẹ́ tábìlì mìíràn lọ́la. Àwọn ìràwọ̀ yẹn àti àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ibo ni mo ti fẹ́ tún wọn kó jọ? Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí ọkọ ni.

Kí n tó wọ ìsọ̀ orí pọ́tábù, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ohun tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní mó-dè-pásì. Ọmọ mi ní kí n wá ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò lè mọ̀. Mo ronú, mo ní oríkì mi ni. Ìyá mi nìkan ló ń fi pè mí. Ọkọ mi kò fi pè mí rí, kò ráyè. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni mo gbọ́n, àfi ìgbà tí aládùúgbò mi tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí òun náà ní ìsọ̀ lórí pọ́tábù, là mí lójú.

"Kí lo fi ṣe tìrẹ?" ló bi mí.

"Àṣírí ni."

"Ṣé kì í ṣe oríkì rẹ?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá rẹ ni. Láràárọ̀ ló ń fi jí ọ. Àwa tí a wà lódìkejì títì ń gbọ́. Awakọ̀ ẹrù tó sùn síwájú ilé yín pàápàá, bó bá ní pọ́tábù, ó lè wọ ìsọ̀ rẹ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni. Mo fi ẹfun kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n má baà gbàgbé."

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo àlejò ń rí bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn sínú ilé?"

A rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú àwọn èrò bọ́ọ̀sì fi béèrè bóyá inú ọtí tó ṣẹ́kù nínú ìgò la wà. Mi ò yí tèmi padà. Ó dùn mọ́ mi láti máa kọ ọ́ láràárọ̀, bí ẹni pé mo ń kí ara mi kí n tó kí oníbàárà.

Ní àkókò tí kajú ń jábọ́ lábẹ́ igi, tí epo èèpo rẹ̀ ti sọ ọwọ́ gbogbo wa di dúdú, mo ṣí pọ́tábù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò rí ibi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Àwọn ọlọ́jà Kútọnu yẹn ti dí i. Wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́, pé àwọn èèyàn ń gbàgbé rẹ̀, àwọn olè sì ń mọ̀ ọ́n, pé ó ti rọrùn wàyí. Wọ́n á fi liẹ̀n kan, ìlà ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀, ránṣẹ́ sínú mélì mi, àpótí lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, n ó tẹ̀ ẹ́, n ó wọlé. Èmi ń pe liẹ̀n yẹn ní okùn, nítorí bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, á fà ọ́ wọlé. Okùn náà kì í pẹ́ láyé. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti kọjá, ó kú nìyẹn, kí o tún lọ béèrè òmíràn.

Àdírẹ́sì mélì náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi àmì bo àárín rẹ̀ bí ẹni da aṣọ bo òkú. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Mo jókòó, mo ń dúró. Mo wo pọ́tábù, mo wo títì, bí ẹni pé ọlọ́kọ̀ kan ló máa gbé e wá. Mo tún béèrè. Wọ́n tún ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Nígbà tó sú mi, mo pe ọmọ mi.

"Màmá, ẹ wo inú mélì yín."

"Mélì wo?"

Ó dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dákẹ́ ní kékeré bó bá ti fọ́ àwo tí kò tíì sọ fún mi.

"Màmá, nígbà tí a ṣí ìsọ̀ yẹn, ẹ ò ní mélì. Ti Bàbá ni mo kọ síbẹ̀."

"Bàbá wo?"

"Bàbá mélòó ni mo ní?"

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gbé níbí kò ní bá ọmọ náà wí. Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tí àwọn oníwèé bá béèrè, orúkọ olórí ilé la máa ń kọ síbẹ̀. Iná mànàmáná, orúkọ bàbá. Omi ẹ̀rọ, orúkọ bàbá. Ìyá ló ń sin adìyẹ, ṣùgbọ́n bí adìyẹ bá sọnù, adìyẹ ilé bàbá lágbájá ló sọnù. Inú ilé kan náà la wà nígbà yẹn. Ọkọ mi jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan, òun nìkan ló sì ní mélì nínú gbogbo wa. Ọmọ mi kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni kọ orúkọ bàbá sínú ìwé ìbí. Kò sí ẹni tó tún ronú kàn án, nítorí oríkì ni mo ń fi ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ aṣínà, bó ti wù kó gọ̀ tó, ẹnu ẹni ló ń gbé. Bí o bá kẹ́rù kúrò nílé, o ò ní gbàgbé ẹnu rẹ sẹ́yìn. Okùn yìí ní tirẹ̀, ilé ló ń lọ, kò bìkítà bóyá o ṣì ń sùn níbẹ̀. Èmi sì ti kúrò nílé yẹn láti nǹkan bí ọdún méjì.

Kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó fẹ́ ẹ tán ni, ó wá gbé ààrò mi fún un láìbi mí. Obìnrin lè bá obìnrin pín ọkọ, ọkọ kì í gbóná nígbà gbogbo. Ààrò ni kò ṣeé pín. Mo padà sí agboolé bàbá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kó lọ sí Kábúà tó ti ń dáko. Àwọn ẹbí kò tíì jókòó lé ọ̀rọ̀ wa lórí. Èmi ò sáré pè wọ́n, òun náà kò pè wọ́n.

Nígbà tí mo sọ fún aládùúgbò mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò jẹ́ kí n lè bá a rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti palẹ̀ ìsọ̀ obìnrin olóyin kan mọ́, lọ́nà Parakú lọ́hùn-ún. Kò wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní ìsọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn á kó o kúrò, àtìràwọ̀ àtọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà."

Mo lọ kà á. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kò ti sí nídìí iná mọ́. Kajú kì í fẹ́ ẹni tó ń ro nǹkan méjì. Bí o bá gbójú kúrò fún ìgbà tí o fi máa sín, ó ti di èédú. Mo jó odidi agbada kan, mo sì sọ fún ìyá mi pé igi ló tutù, bí ẹni pé igi tútù ló ń jó nǹkan. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ ìsọ̀ náà, wọ́n á palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá sì wọ̀ ọ́, èmi kọ́. Ẹni tó bá ni mélì ló ni ìsọ̀, ó lè yọ àwòrán mi, ó lè yí nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń pè mí. Lójú mi, mo ti rí ìyàwó Kábúà tó gbé ìgò mi lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo Kútọnu. Ó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín, torí eyín rẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo pe nọ́ḿbà ọkọ mi. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, ìyáálé mi."

"Mi ò ṣe ìyáálé ẹnikẹ́ni. Fún ọkọ rẹ ní pọ́tábù."

"Ọkọ wa ń fọwọ́."

"Ọkọ rẹ."

"Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Ọkọ mi ń fọwọ́."

Mo gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ náà, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ bó awọ kúrò. Ó gba pọ́tábù nígbà tó yá. A kí ara wa. A kí oko, a kí iṣu, a kí òjò tí kò tíì rọ̀, a kí ọmọ tó wà ní Parakú àti iṣẹ́ rẹ̀. Ìkíni lọ́dọ̀ wa, bí ilé ń jó, ẹ máa kọ́kọ́ béèrè bí iná ṣe jí.

"Bàbá ọmọ mi," ni mo wá wí, "okùn kan ń wọ inú mélì yín."

"Kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n pọ̀. Wọ́n ń dún bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ."

"Ti ìsọ̀ mi ni."

"Mo mọ̀. Mo wà nínú rẹ̀."

Mo jókòó sórí àpótí ìgò. "Inú kí ni?"

"Inú ìsọ̀ rẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yí i padà. Wọ́n fi okùn ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè mọ ohun tó jẹ́, ó ṣí."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Bí o bá wá, wàá rí i. Ọ̀rọ̀ ojúkojú ni."

Ó pa ìpè náà. Mo tún pè é, kò gbé e. Mo pe ọmọ mi. Ó ní kò sí wàhálà, pé mélì tuntun la máa ṣí fún mi, tèmi gan-an, tí yóò máa wà nínú pọ́tábù tèmi. Lẹ́yìn náà, láti inú ìsọ̀ tó ṣí lórí pọ́tábù Bàbá, a ó ní kí wọ́n máa lo ti tuntun. Wọ́n á fi okùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mélì àtijọ́ láti béèrè bóyá ẹni tó ni ín gbà. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, ó parí.

"Bí kò bá tẹ̀ ẹ́?"

"Màmá."

"Mo ní bí kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa."

Ọmọ mi mọ̀ pé èyí tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

A ṣí mélì náà, òun ní Parakú, èmi ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó ń sọ ibi tí n ó tẹ̀. Ó dé ibì kan, mélì náà ní kí n wá ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo bi ọmọ mi pé ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n lé jáde lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n tún ń gbà wọlé lójú fèrèsé yìí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ní bó ti wù kí wọ́n ṣe é, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ rántí nǹkan kan níbì kan. Mo wá ọ̀rọ̀ kan tí ìyá mi kò lè pariwo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo gun alùpùpù lọ sí Kábúà. Ìyá mi tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Má mu omi níbẹ̀," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Oòrùn ni kò mọ̀."

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá ti kẹ́rù kúrò nílé ọkọ, bí àwọn ẹbí kò bá tíì jókòó, tó wá padà wọ ilé tí ọkọ náà ń gbé, tó mu omi ibẹ̀, àwọn àgbà á ní ìjà ti tán, ìyàwó ti padà. Kò sí àlàyé tí wàá ṣe. Omi ti sọ̀rọ̀. Mo ti rí obìnrin kan tí òùngbẹ dá padà sílé ọkọ bẹ́ẹ̀, ó sì bí ọmọ méjì lé e.

Ọ̀nà Kábúà pupa, ó gbẹ, eruku rẹ̀ sì ń wọ ẹnu ẹni tó bá pa á dé pàápàá. Nígbà tí mo fi máa dé, ọ̀fun mi ti rí bí èèpo ẹ̀pà. Mo ní kí ọlọ́kọ̀ alùpùpù náà dúró dè mí. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ni ọkọ mi jókòó sí. Ó ti rù díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, lẹ́yìn náà kò dùn mọ́ mi mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi jáde nínú àwo tánńganran, ó kúnlẹ̀. "Ẹ mu omi, ìyáálé mi."

"O ṣeun. Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Mo mu omi kí n tó kúrò nílé."

"Omi Ṣábẹ̀ẹ́ mà lágbára," ló wí, ó sì gbé àwo náà sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí mo ti lè máa rí i. Omi tútù ni. Àwo náà ń làágùn.

Mo ní kí ọkọ mi gbé pọ́tábù wá. Ó ní rẹ́só tí pọ́tábù fi ń ṣiṣẹ́ kì í dé abẹ́ igi, pé ojú fèrèsé yàrá nìkan ló ti ń wọlé.

"Yàrá wo?"

"Ilé mélòó lo rí níbí? Àbí kí ìsọ̀ rẹ jáde wá pàdé rẹ níta?"

Mo wọlé. Kí n má purọ́, ẹsẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ gbé wọ̀ ọ́, bóyá ìyẹn kò ní jẹ́ kí wíwọlé náà pé. Àwo omi tẹ̀ lé wa wọlé, ìyàwó ló gbé e. Pọ́tábù wà nínú àpò ọ̀rá kan tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lójú fèrèsé bí ẹran tí wọ́n ń sá. Ọkọ mi wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí i.

Ìràwọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Wọ́n pé. Mo wo àwòrán, tèmi ni, pẹ̀lú gèlè tó wọ́ sápá kan tí ọmọ mi kò sọ fún mi. Mo wo nọ́ḿbà, kò yí i padà. Àyà mi rọ̀ díẹ̀. Ó wá tẹ ibi tí àwọn oníbàárà ti ń béèrè ọ̀rọ̀, tí gbogbo ayé lè kà.

Ẹnì kan béèrè bóyá iyọ̀ pọ̀ nínú kajú náà. Ọkọ mi ti dá a lóhùn pé: "Iyọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ìwọ̀n iyọ̀."

Obìnrin kan ní Kútọnu fẹ́ ra fún ìsọmọlórúkọ. Ó kọ sí i pé: "Ẹ ní sùúrù, kò sí nítòsí, ó ń bọ̀. Kò sí kajú tó dà bíi tirẹ̀ lójú ọ̀nà yìí."

Obìnrin náà béèrè pé ta ló ń dáhùn.

"Èmi ni ọkọ rẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kà. Nígbà tí mo gbójú sókè, kì í ṣe èmi ló ń wò, fèrèsé ló ń wò.

"Ta ló ní kí ẹ bá mi dáhùn?"

"Wọ́n ń béèrè. Kí n dákẹ́, kí wọ́n lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́? Mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn."

Ẹnu mi tó mú, kò rí nǹkan gé. Òótọ́ ni. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ìsọ̀ ìbá ti lọ. Inú bí mi sí i nítorí pé òótọ́ ni.

"Ẹ kọ ọkọ síbẹ̀," ni mo wí.

"Àwọn ẹbí ti jókòó bí?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gba pọ́tábù lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ mélì tuntun síbi tí ọmọ mi ní kí n kọ ọ́ sí. Pọ́tábù náà dún ní ọwọ́ mi. Okùn ti dé: ṣé ẹ gbà kí ìsọ̀ yìí kúrò lọ́dọ̀ yín? Ǹ bá ti fi ìka ara mi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́, mo sì dá a padà fún un. Pọ́tábù rẹ̀ ni. Mélì rẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá sọ lọ́la pé mo jalè nílé ọkọ tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó mú un lọ́wọ́, kò tẹ̀ ẹ́.

"Mu omi," ló wí. "Bí o bá mu omi, màá tẹ̀ ẹ́."

Mo wo àwo náà. Mo wo pọ́tábù náà. Ìṣẹ́jú ń lọ lórí ọ̀kan, omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú èkejì. Níta, ọlọ́kọ̀ mi fun fèrè, ó tún fun un. Mo ń ro àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, bàbá aláìsàn tó tún ya ẹnu jẹun, mo sì ń ro ààrò tí mo rí lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe ń kọjá, tí ìyàwó rẹ̀ fi òkúta mìíràn tò. Kí ni mímu omi? Ìgbà mélòó ni mo ti gbé ohun tó korò mì? Mo mọ̀ pé bí mo bá mu ún, mo ti ní ìsọ̀, mi ò sì ní ẹni tó máa jókòó sí i.

"Ẹ jẹ́ kí okùn náà kú," ni mo wí. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. A ó béèrè òmíràn, a ó tún béèrè òmíràn. N ó jókòó síbí títí iṣu yín fi máa ta."

"Bí o bá jókòó tó bẹ́ẹ̀, o ti padà nìyẹn," ni ọkọ mi wí, ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nípa ọkùnrin yẹn ni pé òun náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti sún mọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Bí pọ́tábù yìí bá dún, ọkàn yín á fò. Ẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ẹ ó fi òkèlè sílẹ̀, ẹ ó ní oníbàárà ni. Oníbàárà ta ni? Èmi náà ń ta gàrí níbí. Ẹ ò bá mi dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo tánńganran náà, ó sì gbé e sẹ́nu. Ó mu ún ní àmután, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìbàdí bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tán, ó da ojú àwo dé kí gbogbo wa lè rí i.

"Omi ti tán," ló wí. "Kànga sì jìnnà. Ẹ bá ìyáálé mi tẹ nǹkan wọn."

Lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ fún un pé mi ò ṣe ìyáálé ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó pẹ́ tó fi wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́. Mo rí ìka rẹ̀, ìka ńlá àgbẹ̀ tó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìsọ̀ náà pòórá lójú pọ́tábù rẹ̀. Pọ́tábù tèmi dún nínú ìdí aṣọ mi.

"Ó lọ," ló wí.

"Ẹ ṣeun," ni mo wí, mo sì jáde. Nígbà tí a fi máa dé ìdajì ọ̀nà, mo ní kí ọlọ́kọ̀ dúró nídìí kànga kan, mo sì mu omi bí ẹṣin.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo wà létí títì, okùn tèmi wọ mélì tèmi, mo tẹ̀ ẹ́, ó fà mí wọlé láìgba ilé ẹnikẹ́ni. Obìnrin ìsọmọlórúkọ Kútọnu ti kọ̀wé. Ó fẹ́ ìgò mẹ́wàá. Ó ní inú òun dùn pé mo ti dé, pé kí n bá òun kí ọkọ mi, tó dá òun lóhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Mo wá ọ̀nà láti pa ohun tí ọkùnrin náà kọ rẹ́. Kò sí ọ̀nà. Lọ́jà yẹn, ohun tí wọ́n bá ti sọ fún oníbàárà kò ṣeé pa rẹ́. Ó wà níbẹ̀ lábẹ́ ìràwọ̀ mi: èmi ni ọkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìgò mẹ́wàá wà, bọ́ọ̀sì àárọ̀ ọ̀la ló máa gbé e. Mo wá dúró, ìka mi wà lókè.

"Kọ ọ́ pé o ṣeun, o máa bá a kí i," ni aládùúgbò mi wí.

"Bí mo bá kọ ọ́, mo ti gbà pé ọkọ mi ni."

"Kọ ọ́ pé kì í ṣe ọkọ rẹ."

"Nínú ìsọ̀? Níwájú oníbàárà?"

"Dákẹ́ nígbà náà."

"Bí mo bá dákẹ́, mo ti gbà."

Ó bojú wo èlùbọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé, a dìde lọ bá a.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ kúnlẹ̀ níwájú àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí agboolé wa. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ọkọ mi, kí a jókòó, kí á mọ̀ bóyá mo ní ọkọ tàbí mi ò ní.

Wọ́n wò mí títí. "Láti bí ọdún méjì, mo bi ọ́, o ní kí n fi sílẹ̀. Kí ló wá ń lé ọ lójijì?"

"Àwọn oníbàárà ti ń béèrè, Bàbá."

Wọ́n mi orí bí ẹni pé òfin ìlú ni mo kà fún wọn. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ dára. Wọ́n ní kí n tọ́jú ìgò kajú díẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè tán.